Ẹkún di ẹkùn: orin tí mò ń ṣe nílé, ọ̀sẹ̀ kẹta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó bá ti ń bá mi bọ̀ á rántí pé mo fẹ́ ṣe orin kan táwọn èèyàn á ti máa jó sí kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Foster the People ló kó mi sí i, ẹgbẹ́ olórin ará Los Angeles yẹn. Pumped Up Kicks tiwọn, lọ́dún 2011, ó gun orí Billboard Hot 100, àtẹ orin tó ń lọ jù ní Amẹ́ríkà, dé ipò 3, tọmọdé tàgbà ń bá a súfèé, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin tó ń rò ó lọ́kàn láti yìnbọn pa àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń kọ lórin. Kò sì jìnnà sí wọn o, ìbátan Cubbie Fink tó ń ta béèsì fún wọn nígbà yẹn wà ní Columbine, ilé ìwé kan ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n yìnbọn níbẹ̀ ní 1999, orí ló yọ ọ́.

Mo tú orin yẹn palẹ̀. Kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí wọ́n ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) 4 péré, Fm, Ab, Eb, Bb, òun náà ni wọ́n ń yí títí tó fi parí. Fm tó ṣíwájú yẹn, minor ni, irú kọ́ọ̀dù tó máa ń dún bíi ti ẹni tínú ẹ̀ bàjẹ́, ìbànújẹ́ ti wà nílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, béèsì tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún yẹn ló ń tàn wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ, ìka mi bó. Mark Foster, olórí akọrin wọn, nìkan ló dá gbogbo ẹ̀ ṣe, demo ló pè é, ìyẹn orin tí wọ́n kàn fi dánra wò, demo yẹn náà ni wọ́n gbé jáde, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ torí fóònù ni mo fi ń gba tèmi sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì wà nínú gbogbo ẹ̀.

Yorùbá gan-an ló wá le. Òyìnbó lè gbé ohùn lọ síbi tó bá wù ú, àwa ò tó bẹ́ẹ̀. Ègbè mi ni "Ẹkún dé, ẹ wá jó", mo fi mẹ́lódì tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí i, ó dùn mọ́ mi, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá gbọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní "Ẹkùn wo ló dé? A ò wá ní sá ni?"

Mo bá yí i, mo jẹ́ kó gòkè lórí "kún". Àṣé ọ̀rọ̀ burúkú gan-an ló mọ̀ ọ́n gun òkè, ẹkún, ikú, wọ́n kàn ń tàn yòò. "Òfò" nìkan ló kọ̀, mo fi ẹnu sọ tiẹ̀ lásán.

Súfèé ló kù. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun á bá mi ṣe é lọ́jọ́ Sátidé.