Further Maths: Apá Tí Wọ́n Ń Fò Ló Ń Kó Máàkì Lọ

JAMB kò ní ìdánwò Further Maths, ìyẹn ìṣirò tó jinlẹ̀ ju Maths tí gbogbo ọmọ ń ṣe lọ. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Yunifásítì Èkó ní Akoka lè wọlé láìkọ ọ́ rí. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn òbí kan l'Ékòó máa béèrè ìdí tí ọmọ àwọn fi ń di ẹrù kún ẹrù ní SS1. Ìdí ni pé vector, matrix àti differentiation tí wọ́n máa ń fi ìkánjú kọ́ ní ọdún kìíní yunifásítì, ẹni tó ṣe Further Maths ti bá wọn pàdé. Ṣùgbọ́n WAEC ló ṣáájú.

Pépà kìíní WAEC kò ṣòro láti lóye: ìbéèrè 40, wákàtí kan àbọ̀, kí ọmọ ṣáà mú ìdáhùn tó tọ́. Pure, ìyẹn áljẹ́bírà, differentiation àti irú wọn, ni 30 nínú rẹ̀, vectors àti mechanics (ìṣirò agbára àti bí nǹkan ṣe ń rìn) jẹ́ 6, statistics 4 péré. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí 30, wọ́n á gbà pé pure ni gbogbo rẹ̀, tíṣà náà á sì máa kọ́ pure lọ títí ìdánwò á fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ wá wo pépà kejì. Wákàtí méjì àbọ̀, máàkì 100. Apá A ní ìbéèrè 8 tí a kò gbọ́dọ̀ fo ìkankan, máàkì 6 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 4 ni pure níbẹ̀. Apá B ní 7, ọmọ á mú 4, máàkì 13 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì di dandan kó mú ó kéré tán ọ̀kan nínú pure, ọ̀kan nínú statistics, ọ̀kan nínú mechanics. Pure tó lè mú níbẹ̀ ò ju 2 lọ. Ẹ bá mi rò ó: 24 àti 26, ó di 50. Ọmọ tó mọ pure bí ẹni mowó, tí kò mọ òmíràn, ìdajì pépà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mú bírò.

Mechanics ni kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó ń ṣe Physics ti mọ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mú ẹrù 5 kg tó ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ lórí pákó tó dagẹ̀rẹ̀ ní 30°, μ (ìwọ̀n friction, agbára tó ń dí ẹrù lọ́wọ́ láti yọ̀) jẹ́ 0.2, g (bí ayé ṣe ń fa nǹkan wálẹ̀) jẹ́ 10. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 50 N. Èyí tó ń fà á wálẹ̀ lójú pákó ni 50 sin 30°, ìyẹn 25 N. Èyí tó ń tẹ pákó mọ́lẹ̀ ni 50 cos 30°, 43.3 N. Friction wá jẹ́ 0.2 × 43.3, ìyẹn 8.66 N. Ó ku 16.34 N, ẹ fi 5 pín in, 3.27 m/s² ló jáde. Àwọn tó gbàgbé cos á lo 50, friction wọn á di 10, ìdáhùn á di 3. Ó sún mọ́ òótọ́ débi pé wọn ò ní fura. Kí wọ́n ya àwòrán gbogbo agbára tó wà níbẹ̀ kí nọ́ńbà kankan tó wọ ìwé. Bí sin 30 bá sì mú −0.988 jáde, kàkúlétọ̀ wà lórí radian dípò degree nìyẹn.

Nínú pure, differentiation kọ́ ló ń ṣubú lu ọmọ, áljẹ́bírà SS1 ni. Ẹ wo √(x + 7) = x − 5. Bí a bá sọ ọ́ di square, x² − 11x + 18 = 0, x jẹ́ 9 tàbí 2. Ẹ dá 2 padà síbẹ̀: ọwọ́ òsì á jẹ́ 3, ọwọ́ ọ̀tún −3. Irọ́ ni 2. Ẹni tó fi méjèèjì sílẹ̀ á pàdánù máàkì lórí ohun tó mọ̀. Binary operation, ìyẹn ìlànà tó ń sọ nọ́ńbà méjì di ọ̀kan, náà rí bẹ́ẹ̀: bí a * b bá jẹ́ a + b + 2ab, identity (nọ́ńbà tí kì í yí èkejì padà) jẹ́ 0, inverse a (èyí tó ń dá a padà sí identity) sì jẹ́ −a/(1 + 2a), ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ −½.

Ní ti àkókò, ìṣẹ́jú 8 fún ìbéèrè kan ní apá A, 19 fún ti apá B. Ìṣẹ́jú 10 á ṣẹ́kù láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Past question wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tàwé ní Yaba, ṣùgbọ́n kí ọmọ má ṣe gba ìdáhùn ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́ láìtún un ṣe fúnra rẹ̀. Ìròyìn àwọn olórí olùyẹ̀wò tí WAEC ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì sàn jù ú lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.