Páàdì ló ń kan ọ̀dà, kì í ṣe ẹ̀rọ

Iṣẹ́ fífi pólíìṣì dán ọ̀dà ọkọ̀ là ń ṣe, ẹ̀rọ sì ni àwọn oníbàárà wa máa ń kọ́kọ́ béèrè: "Ọ̀gá, ẹ̀rọ wo lẹ fi ń ṣe é?" Ní ti àwọn ọmọṣẹ́, orúkọ pólíìṣì ló ń jẹ wọ́n lógún. Iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi pé páàdì, ìyẹn fóòmù tàbí irun tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ló yẹ kí wọ́n máa béèrè. Clear, ìyẹn ìpele tí kò láwọ̀ tó bo ọ̀dà ọkọ̀ láti iléeṣẹ́, sábà máa ń nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 40 sí 50. Ẹyọ irun orí kan lè nípọn jù bẹ́ẹ̀. Ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ fi páàdì tó ti gbé iyanrìn yí?

Páàdì onírun yára. Bí wọ́n bá ti fi sánpépà 2000 ha ojú ọkọ̀, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọkọ̀ dúdú tí ẹ fi onírun nìkan ṣe sínú oòrùn, ẹ ó rí òrùka wẹ́wẹ́ káàkiri bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fóòmù ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ má sì fọkàn tán àwọ̀ fóòmù o: iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń pín àwọ̀ tirẹ̀. Àtàǹpàkò ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá le ló ń gé, èyí tó bá rọ̀ ló ń dán.

Ooru ló ń pa páàdì. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi ìka tọ́ pólíìṣì díẹ̀ kárí ojú rẹ̀, kó má baà yí ní gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kán 4 tó tó ẹyọ ẹ̀wà ti tó. Bí pólíìṣì bá pọ̀ jù, fóòmù á mu ún yó, á gbóná, àárín rẹ̀ á sì rì. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú ọkọ̀ lóòrèkóòrè. Bó bá ti ń ta yín lọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ páàdì.

Fún ẹni tó ń lo DA, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí tó sì ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi máákà fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ pléètì tí páàdì ń lẹ̀ mọ́. Bí ìlà náà bá dúró sójú kan, ẹ̀rọ kàn ń gbọ̀n lásán ni: ó lè jẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ jù, tàbí kí páàdì ti yó.

Lẹ́yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ojú páàdì. Ti onírun, afẹ́fẹ́ ló dára jù fún un. Fọgaláísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ń bá mi fẹ́ ẹ. Ẹ wo ohun tó ń jáde pẹ̀lú. Bí àwọ̀ ọkọ̀ bá wà lára páàdì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà náà máà ní clear rárá, tàbí kó ti jẹ tán. Ẹ fọwọ́ lẹ́rọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá lò ó ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kí pólíìṣì tó gan mọ́ ọn. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ló dára. Omi gbígbóná á tú gọ́ọ̀mù tó mú Velcro, ìyẹn aṣọ ẹ̀yìn páàdì tó ń lẹ̀ mọ́ pléètì. Ẹ fún un, ẹ má lọ́ ọ. Ẹ wá dojú fóòmù délẹ̀ síbi ìbòòji, kí omi lè sá kúrò lọ́dọ̀ gọ́ọ̀mù náà. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kó tó wọ nylon, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á hu. Lásìkò ọyẹ́, mi ò kì í fi páàdì kankan sílẹ̀ láìdì í, torí eruku.

Èyí tí Velcro rẹ̀ ò bá lẹ̀ dáadáa mọ́, ẹ jù ú nù. Bó bá fò lórí ìyípo 1500 ní ìṣẹ́jú kan, pléètì fúnra rẹ̀ ló máa bá ọ̀dà jà. Ṣùgbọ́n èyí tí etí rẹ̀ kàn ya díẹ̀, tí Velcro ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì lẹ̀ dáadáa, ẹ lè yà á sọ́tọ̀ fún iná iwájú tó ti pọ́n.