Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn àti ajá tó ti darúgbó nínú ilé kan

Wàhálà tó máa ń wà láàárín ọmọ kékeré àti ajá àgbà kì í sábà tinú ìwà burúkú ajá wá. Ọjọ́ orí àwọn méjèèjì ni kò bá ara wọn mu. Bí ọmọ bá ti tó oṣù 8 sí 10, ó ti ń rá kiri ilé. Kó tó pé ọdún kan ààbọ̀, ó ti ń sáré tàgétàgé, ohun tó bá sì wà níwájú rẹ̀ ló ń ṣubú lù. Àkókò yẹn gan-an ni ajá tó ti wà nílé kí wọ́n tó bí ọmọ ń wọ ọjọ́ ogbó. Ajá ńlá bíi Boerboel, Rottweiler tàbí Alsatian, ogbó ti ń dé sí i láti bí ọdún 7. Ajá ìbílẹ̀ wa àti àwọn ajá kéékèèké lè tó ọdún 9 tàbí 10 kó tó hàn lára wọn. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, bí ọmọ bá fà á nírù, á kàn dìde, á lọ síbòmíràn. Ní báyìí, làkúrègbé ti mú un ní ìbàdí, kò lè tètè dìde mọ́. Ajá tí kò lè sá, eyín nìkan ló kù tó lè fi gba ara rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọ̀nà tí ajá máa gbà sá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ ló yẹ ká kọ́kọ́ tún ṣe, ṣáájú ohun gbogbo.

Ẹ wá ibì kan nínú ilé tí ọmọ kò ní lè dé: abẹ́ àtẹ̀gùn, kọ̀rọ̀ kan ní fàràńdà ẹ̀yìn, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tó lọ sí ilé ìdáná. Kó fẹ̀ tó èyí tí ajá lè nà gbọọrọ, kó sì yí ara padà. Ẹ pe káfíńtà kó ṣe géètì igi síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó fi ojú wọ̀n ọ́n. Kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 75. Ìnàró ni kí ó to àwọn igi inú rẹ̀, torí igi tí wọ́n bá tò ní ìbú ti di àkàbà fún ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Àlàfo àárín igi kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, orí ọmọ lè há síbẹ̀. Abẹ́ géètì náà kò gbọdọ̀ jìnnà sílẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5. Lókè ni kí ìkọ́ rẹ̀ wà, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó.

Àṣìṣe tí mo rí jù nípa géètì yìí ni pé wọ́n á tì í pa nígbà tí ajá àti ọmọ jọ wà ní pálọ̀. Ọ̀nà tí ajá ì bá sá gbà ti di ògiri nìyẹn. Bí ọmọ bá wà nílẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń wò ó, ajá gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn géètì tí a ti tì. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wà níta, kí géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí àgbàlagbà kan sì jókòó sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó ọmọ. Ẹni tó wà ní ilé ìdáná tó ń gbọ́ ohùn wọn kò ṣọ́ wọn. Ẹni tó ń tẹ fóònù náà kò ṣọ́ wọn. Ẹ tún fa àga kúrò lára ògiri díẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé ibi tí ajá sùn sí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀, tí ọmọ sì ti dí ọ̀nà náà.

Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé wọ́n máa ń so ajá mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á wá tú u sílẹ̀ lóru kó máa ṣọ́lé. Ajá tó wà lórí ṣéènì mọ̀ pé òun kò lè sá, torí náà ó máa ń yára géni jẹ ju èyí tó wà ní títú lọ. Ẹ mọ odi kékeré tàbí kí ẹ ṣe ọgbà sí àyíká rẹ̀, kó fi mítà kan kọjá ibi tí ṣéènì náà lè na dé. Bó bá jẹ́ kéèjì ló ń gbé, ìka ọmọ máa ń wọlé láàárín irin. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì wáyà tí ojú rẹ̀ kéré, kí ẹ fi bo kéèjì náà láti ilẹ̀ títí dé bíi mítà kan, ìta ni kí ẹ so ó mọ́, kí ajá má bàa máa ya á.

Ilẹ̀ ilé náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Táìlì tútù, ajá sì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà ooru, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ajá àgbà máa ń yọ̀ lórí rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ á sì máa ro ó sí i. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tó ní rọ́bà lábẹ́ sí ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi omi rẹ̀ àti síbi tó ń sùn. Fún ibùsùn, fóòmù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 dára. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rá wé e, torí ajá àgbà máa ń tọ̀ sára, kí ẹ tó wá fi aṣọ tó ṣeé fọ̀ bò ó. Èékánná tó bá gùn náà ń mú kó máa yọ̀. Ẹ máa gé e díẹ̀díẹ̀, bíi mìlímítà 2 lẹ́ẹ̀kan. Bí èékánná náà bá dúdú, ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé: bí ẹ bá ti rí àmì kékeré roboto kan láàárín rẹ̀, ẹ dúró, ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì yọ, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo gbígbẹ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní ti àmì tí ajá ń fún wa, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà nílé mọ̀ ọ́n, títí kan ìyá àgbà tó wá kí ọmọ àti àǹtí tó ń bá yín ṣọ́ ọmọ. Ajá kì í sábà ṣàdédé géni jẹ. Ó ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, a kò gbọ́ ni. Á kọ́kọ́ gbé ojú kúrò lára ọmọ. Á lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ níwájú rẹ̀, tàbí kó yán nígbà tí oorun kò kùn ún. Ẹ lè rí funfun ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó ń yọjú wo ẹ̀gbẹ́ láìyí orí. Lẹ́yìn ìyẹn, ara rẹ̀ á le gbagidi, á sì panu dé, kò ní mí hẹlẹhẹlẹ mọ́. Kíkùn ló máa ń tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá le ni kí ẹ ti gbé ọmọ kúrò, ẹ má dúró de kíkùn. Ìrù jíjù nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé inú rẹ̀ dùn: bí ìrù bá gbé sókè, tó ń jù kíákíá tí ìyókù ara sì le, ìbínú ni.

Ẹ má lu ajá nítorí pé ó kùn mọ́ ọmọ. Mo mọ̀ pé ó máa ń ká òbí lára, ṣùgbọ́n ajá tí wọ́n bá nà nítorí kíkùn kò ní fẹ́ràn ọmọ sí i. Ohun tó máa kọ́ ni pé kí òun má kùn mọ́, ìgbà tó bá sì kàn, á gé ọmọ jẹ láìkìlọ̀. Ọmọ ọdún méjì kò sì lè ka ojú ajá: bí ajá bá ṣí eyín sí i, ó lè rò pé ó ń rẹ́rìn-ín sí òun ni, kó tún sún mọ́ ọn. Nítorí náà, àgbàlagbà ló máa ka àmì yìí fún un.

Òwe wa ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọ̀pọ̀ ajá àgbà tí wọ́n ń pè ní olórí kunkun, etí rẹ̀ ló ti di. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí etí rẹ̀ kò bá mì rárá, ẹ ti mọ̀. Ojú rẹ̀ náà lè máa ní àwọ̀ búlúù bíi kùrukùru. Ìyẹn sábà máa ń bá ogbó wá, ó sì ṣì lè ríran díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti funfun gbòò, ìríran ti ń lọ. Ajá tí kò gbọ́ràn tí kò sì ríran dáadáa máa ń ta gìrì bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án lójú oorun, á sì lè géni jẹ kó tó mọ ẹni tó jẹ́. Òfin ilé ni kó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ajá tó ń sùn. Bó bá pọn dandan kí ẹ jí i, iwájú ni kí ẹ gbà, kí ó gbóòórùn ọwọ́ yín ná. Bí iná bá lọ lóru, ẹ fi àtùpà kékeré kan sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn méjèèjì ṣe ọ̀rẹ́, ajá ni kí ẹ pè wá sọ́dọ̀ ọmọ, ẹ má gbé ọmọ lọ bá ajá níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Bí kò bá wá, ó ti fèsì. Bó bá wá, ẹ di ọwọ́ ọmọ mú, kó la àtẹ́lẹwọ́, kó fi pa èjìká ajá, kì í ṣe orí, kì í ṣe ìbàdí tó ń ro ó. Ẹ jọ kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Bí ajá bá tún sún mọ́ yín, ó fẹ́ sí i. Bó bá yíjú tàbí tó kúrò, eré ti parí. Ọmọ kì í gun ajá bí ẹṣin, kì í sì í dì mọ́ ọn lọ́rùn. Bó bá sì di àkókò tí ọwọ́ yín máa dí, bí ìgbà tí ẹ bá ń dáná, ẹ pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn ìyá jìnnà sí ajá, ó sì jìnnà sí ìkòkò gbígbóná.

Oúnjẹ tún ni ibòmíràn tí ìjà ti ń wáyé. Ẹ máa fún ajá lóúnjẹ lẹ́yìn géètì, kí ẹ gbé abọ́ kúrò bó bá ti jẹun tán. Bí ọmọ bá ń jẹun, kí ajá wà lẹ́yìn géètì títí ẹ ó fi gbálẹ̀. Bísíkíìtì ọwọ́ ọmọ ọdún kan kì í ga ju ẹnu ajá lọ. Ìdí mìíràn ni pé oúnjẹ ọmọ wa kò dára fún ajá: àlùbọ́sà wà nínú mọ́ínmọ́ín, nínú àkàrà àti nínú ọbẹ̀ ata, ó sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Fún ajá tó wúwo tó kílò 10, nǹkan bíi gíráàmù 150 ti tó láti ṣe é léṣe, ìyẹn àlùbọ́sà kan tó tóbi díẹ̀. Sísè kò yọ oró náà kúrò. Egungun adìẹ tí a ti sè máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu ṣóṣóró, ó sì lè gún un nínú.

Ẹ tọ́jú ìgbẹ́ ajá bí ẹ ṣe ń tọ́jú omi mímu. Ẹyin aràn kan wà nínú rẹ̀ tó nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú yẹ̀pẹ̀ kó tó lè ran ènìyàn. Aràn náà lè dé ẹ̀dọ̀, ó sì lè dé ojú ọmọ. Òmíràn ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara, tirẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí ẹ bá ń kó ìgbẹ́ náà lójoojúmọ́, kò ní ráyè dàgbà. Inú ṣáláńgá ni kí ẹ dà á sí. Yanrìn tí wọ́n kó sílẹ̀ nínú ọgbà fún ilé kíkọ́, ẹ fi tapólì bò ó, torí ibẹ̀ ni ajá ń yàgbẹ́ sí, ibẹ̀ náà ni ọmọ ń ṣeré. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo gbà pé ó kéré jù fún oògùn aràn. Oríṣi tó wọ́pọ̀ jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì kan fún kílò 10, torí náà ẹ wọn ajá: ẹ gbé e, kí ẹ jọ gun òṣùwọ̀n, kí ẹ wá yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Ní ti eégbọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òtápíápíá wẹ ajá. Oró ni, ara irun ajá ló máa wà, ọmọ á fọwọ́ pa á, á sì ki ọwọ́ bọ ẹnu. Ẹ gba oògùn eégbọn lọ́wọ́ dókítà ẹranko, kí ẹ sì sọ fún un pé ọmọ kékeré wà nílé.

Bí ìwà ajá bá yí padà lójijì, ìrora ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: eyín jíjẹrà, oríkèé, etí. Paracetamol àti ibuprofen tí ènìyàn ń lò lè pa á. Èyí tí dókítà ẹranko bá kọ fún un máa ń ní adùn bí ẹran nígbà mìíràn, torí náà inú kọ́bọ́ọ̀dù òkè ni kó wà, ọmọ náà lè jẹ ẹ́.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ má jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìgbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá náà ti darúgbó. Bí ó bá sì ti gé ọmọ jẹ, bó ti wù kí ojú ọgbẹ́ náà kéré tó, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ẹ wo aago. Ẹ má fi ata, epo pupa tàbí eérú sí i. Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, pàápàá bó bá jẹ́ ojú, orí tàbí ọrùn. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí wọ́n máa gún ọmọ kì í ṣe ẹyọ kan: ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ 0, lẹ́yìn náà ọjọ́ 3, 7 àti 14, àwọn mìíràn sì ń fi ti ọjọ́ 28 kún un. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ajá dání. Ẹ má pa ajá náà, ẹ má sì lé e jáde. Ẹ tì í mọ́ ibi tó láàbò, kí ẹ máa fún un lóúnjẹ àti omi, kí dókítà ẹranko sì máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bó bá ṣì wà láàyè tí ara rẹ̀ dá lọ́jọ́ kẹwàá, kò ní dìgbòlugi lẹ́nu lọ́jọ́ tó gé ọmọ jẹ, dókítà ọmọ sì lè fi ìyẹn mọ̀ bóyá kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró.