Kàlẹ́ńdà tí mi ò tẹ̀ lọ́dún yìí

Oṣù Kejìlá tó ń parí lọ yìí ni àkọ́kọ́ láti ọdún 21 tí mi ò tẹ kàlẹ́ńdà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú, àdúgbò àwa atẹ̀wé l'Ékòó, mọ ohun tí mò ń sọ. Láti ìparí oṣù Kẹwàá ni àdúgbò wa ti máa ń gbóná: ṣọ́ọ̀ṣì ń fẹ́ kàlẹ́ńdà, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń fẹ́ jọ́tà, olóṣèlú tó ń wá ipò ń fẹ́ kí ojú òun wà lórí oṣù méjèèjìlá. Ẹ̀rọ kì í sùn, àwa náà kì í sùn. Lọ́dún 2024 yìí, ilé ni mo wà, hẹ́dífóònù wà létí mi, mò ń wá ibi tí ariwo kékeré kan ti ń yọ́ wọ inú ohùn olórin.

Ẹni ọdún 47 ni mí. Oṣù Kìíní ni mo wọ ilé ìwé lọ kọ́ iṣẹ́ pródúsà orin.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ò kú o, ká má purọ́. Ó kàn rù ni. Ìwé ìkésíni ìgbéyàwó tó ń bọ́ wa tẹ́lẹ̀ ti di àwòrán orí WhatsApp. Òkè òkun ni pépà ti ń wá, láti ìgbà tí wọ́n sì ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, iye tí mo bá dá fún oníbàárà lọ́jọ́ Ajé ti di àdánù kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Èmi àti ìyàwó mi jókòó ṣírò ọ̀rọ̀ náà lóru ọjọ́ kan, a rí i pé nínú ẹ̀rọ méjì tí mo ní, ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́ bọ́ èkejì. Mo ta Kord, èyí tó tóbi jù. Mo fi kékeré sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́, ó ń fún mi ní ìdá kan nínú mẹ́ta èrè. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́ pé orin ni mo fẹ́ lọ kọ́, wọ́n pè mí láti Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ní, "Ìwọ, ṣé kò sí nǹkan? Ṣé o sùn dáadáa?" Wọ́n gbàgbé pé láti ọmọ ọdún 14 ni mo ti ń lu gángan ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ ọdún 28 ni ẹni tó ń kọ́ wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dìde, mo ní "Ẹ káàárọ̀, sà." Òun náà ti ń tẹ̀ba láti dọ̀bálẹ̀. Àtọjọ́ náà ni èmi ti ń pè é ní ọ̀gá, tí òun ń pè mí ní Daddy, tí àwa méjèèjì sì ń "ẹ" ara wa títí ẹ̀kọ́ fi parí. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ kíláàsì yòókù ò ju 24 lọ. Wọn kì í rán mi lọ ra búrẹ́dì, ìyẹn nìkan sì ni èrè àgbà tí mo jẹ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, eré ni wọ́n ń sá, èmi ń rìn.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ gbádùn ara mi ni ọjọ́ tí wọ́n ṣàlàyé bí ohùn ṣe ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ò lè gbé ohùn mì lódindi. Ńṣe ló ń wò ó nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó ń wọn gíga rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, tó sì ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń wojú ara wọn. Èmi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti tẹ fọ́tò rí mọ̀ pé kò sí àwòrán kankan lórí pépà, àmì tóótòòtó ni gbogbo ẹ̀, ojú ló ń so wọ́n pọ̀. Ìdí tó fi jẹ́ 44,100 ni pé etí ọmọ èèyàn ń gbọ́ dé nǹkan bí 20,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), wíwọ̀n yẹn sì gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ kó tó lè rí gbogbo ẹ̀ mú.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín mi parí sí, nítorí ọ̀gá ní ká wá dán etí wò. Kí gbogbo wa nawọ́ sókè, ẹni tí ò bá gbọ́ mọ́ kó sọ tiẹ̀ kalẹ̀. 8,000 Hz, gbogbo ọwọ́ wà lókè. 10,000. Ní 12,000, ohun tí mò ń gbọ́ dà bí ẹ̀fọn tó wà ní yàrá kejì. Ní 13,000, mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó dé 16,000, ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣì wà lókè. Ọ̀kan yíjú wò mí, ó tètè gbójú kúrò. Ọ̀gá ní ohùn òkè ni ọjọ́ orí kọ́kọ́ máa ń mú lọ, ariwo sì máa ń bá a sáré. Ọdún 21 nídìí ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀, mi ò fi nǹkan dí etí lọ́jọ́ kan. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo ra ohun ìdí-etí fún ọmọ iṣẹ́ mi. Kò lò ó.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje. Wọ́n ní ká gba ohùn àgbàlagbà kan sílẹ̀, ká sì fi ìlù sí i. Mo gba Ìjẹ̀bú-Igbó lọ, ìlú tí Haruna Ishola kọ́ stúdíò Phonodisk sí ní 1979, sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń ki ìdílé wa bí ẹni ń mumi. Stúdíò tèmi ni yàrá wọn. Mo fi mátíráàsì dí ẹnu ọ̀nà, mo so bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri yíká. Wọ́n wọlé, wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ta ló kú?" Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀mẹta, a tún un gbà lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo dé Èkó, mo gbé ohùn wọn sínú Auto-Tune, ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn olórin ṣe, mo fi iyára rẹ̀ sí 0, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo rí i tí àwọn ọmọ ń ṣe. 0 yẹn túmọ̀ sí pé kó fa ohùn lọ sórí nóòtì tó bá sún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń dán! Ọ̀gá fún mi ní 78. Mo fi ránṣẹ́ sí Ìyá lórí fóònù ọmọ wọn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìpè wọlé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ọkọ bàbá mi?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

"Èmi kọ́! Ọkọ́ bàbá mi kì í sinmi ni mo wí. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Ọkọ ló wà nínú èyí tó o fi ránṣẹ́. Bàbá mi lọ́kọ ni?"

Mo lọ gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ohùn àárín àti ohùn òkè ò jìnnà síra lẹ́nu wọn, ẹ̀rọ sì ti kó méjèèjì sórí nóòtì kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi, èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ó tó ogún ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ tí etí mi ò sì mú un. Èmi onígángan! Bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ba etí wa jẹ́: láti kékeré la ti ń fi ohùn orin òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ń dà, à ń ṣe àmín. T. K. E. Phillips tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi l'Ékòó ti rí i láti ayé àwọn bàbá wa àgbà, ó ń wá orin tó máa bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tún un ṣe, sílébù kan lẹ́yìn èkejì. Mo fi ọwọ́ fa ìlà ohùn. Ibi tí Ìyá ti fa ohùn gùn nìkan ni mo jẹ́ kí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn. Ibi tí mo ti ń kà nípa ẹ̀rọ náà ni mo ti rí i pé Andy Hildebrand, tó gbé e jáde ní 1997, iṣẹ́ wíwá epo rọ̀bì ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, kó tó padà sí yunifásítì lọ kọ́ orin. Mo sáré kà á fún ìyàwó mi. Ó ní, "Ṣé òun náà ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kó tó lọ?"

Ní oṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹ́ akọrin kan gbé iṣẹ́ olówó àkọ́kọ́ fún mi, 60,000 náírà. Fílàṣì kan ṣoṣo ni mo kó gbogbo ẹ̀ sí. Fílàṣì kú. Mo dá owó padà, mo san owó ọkọ̀ àwọn 14 tó tún wá kọ ọ́. Ká kúrò níbẹ̀.

Gbogbo ohun tó wọlé láti ara orin lọ́dún yìí jẹ́ 185,000 náírà. Owó ilé ìwé nìkan tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀, mi ò fẹ́ ṣírò ẹ̀; ìgbà tí lítà kan ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún náírà ni mo ti sọ òru di ọ̀sán, kí n lè máa bá iná NEPA rìn. Iná náà sì ní ohùn tirẹ̀, 50 Hz. Tí wáyà kan ò bá jókòó dáadáa, wàá gbọ́ ọ lábẹ́ orin, hùùù. Ìyẹn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní kíláàsì. Ohùn ìsàlẹ̀ ṣì kù fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ̀rún kan wà lórí ẹ̀rọ. Mo ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà tí mo ti gbọ́ pé ó ń tiro. Nígbà tí mo gbé ìwé kan wò, pupa ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo bá wọn tò ó. Mo padà délé, ọwọ́ mi ń rùn fún íńkì, ó sì dùn mọ́ mi.

Ní ti ohùn òkè, mo ti gba òṣìṣẹ́. Àbíkẹ́yìn mi ni, ọmọ ọdún 11. Tí mo bá ti po orin tán, ó máa ń gbé hẹ́dífóònù sí etí, á dijú. "Daddy, nǹkan kan ń ṣe ṣíì níbí yìí." Èmi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Màá wo ojú kọ̀ǹpútà, màá sì rí i lóòótọ́, ìlà tínńrín kan ní nǹkan bí 15,000. 200 náírà ni àdéhùn wa lórí ariwo kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù Kẹwàá, ó ti mú 23, mo ti san ti 9. Ó kọ ìyókù sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún yìí, èyí tí mo tẹ̀ gbẹ̀yìn: 2,800 náírà. Ó fi báírò pupa fàlà sábẹ́ ẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.