Igi Kì Í Jẹ Ilẹ̀

Ohun tó gbà mí lọ́kàn látàárọ̀ ni ibi tí igi ti ń rí ohun tó fi ń kọ́ ara rẹ̀. Igi tí èèyàn mẹ́ta ò lè na ọwọ́ yí ká, kí ló jẹ tó fi tóbi tó bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ wa, a ó ní ilẹ̀ ló ń jẹ. Kí ló wá dé tí ìdí igi kì í di kòtò?

Jan Baptist van Helmont, ará Brussels, ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ó wọn ilẹ̀ gbígbẹ tó tó nǹkan bíi kílò 90 sínú ìkòkò, ó gbin igi wílò kékeré kan sí i, omi nìkan ló sì ń bu sí i fún ọdún 5. Nígbà tó hú u, igi ti lé ní kílò 70, ilẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ dín, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 60 lọ. Ó ní omi ló di igi. Ọdún 1648 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde, lẹ́yìn tó ti kú. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òun kan náà ló ṣàpèjúwe afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èédú tó ń jó, afẹ́fẹ́ yẹn gan-an sì ni igi ń jẹ!

Abẹ́ ewé ló pọ̀ jù ní ihò tín-ín-tìn-tín tí kábọ́nù daiọ́ksáídì, ìyẹn afẹ́fẹ́ inú èédú yẹn, ń gbà wọlé. Gbòǹgbò ń fa omi gòkè. Kilorofíìlì, èròjà aláwọ̀ ewé tó wà nínú ewé, á gba ìmọ́lẹ̀ pupa àti búlúù mú, á jẹ́ kí púpọ̀ nínú aláwọ̀ ewé lọ, òun la fi ń rí ewé bẹ́ẹ̀. Agbára ìmọ́lẹ̀ tó gbà yẹn ló fi ń tú omi palẹ̀: ọ́síjìn á bọ́ síta, èyí tó kù ni ewé á fi sọ kábọ́nù di ṣúgà. Ṣúgà yìí ló ń di èèpo, ẹ̀ka àti èso.

Inú omi ni ọ́síjìn tí à ń mí ti wá, kì í ṣe inú kábọ́nù daiọ́ksáídì. Lọ́dún 1941, Samuel Ruben, Martin Kamen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà lo omi tí ọ́síjìn inú rẹ̀ wúwo ju ọ́síjìn lásán lọ. Ọ́síjìn wíwúwo náà ni wọ́n bá nínú afẹ́fẹ́ tó jáde.

Mo ti ẹ̀ka ewéko inú omi kan bọ ife omi, mo gbé e sójú oòrùn. Kò pẹ́ tí ìhó wẹ́wẹ́ fi ń yọ lójú ibi tí mo ti gé e, wọ́n ń tò gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi páálí bò ó, wọ́n ń fà sẹ́yìn títí wọ́n fi dáwọ́ dúró. Mo ṣí i, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fáwọn ọmọdé pé ewé ń fa afẹ́fẹ́ burúkú, ó ń tú èyí tó dára jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ewéko náà ń mí bíi tiwa tọ̀sántòru, ó ń lo ọ́síjìn láti fi jó ṣúgà tó ti ṣe. Ọ̀sán ni ohun tó ń ṣe fi ń ju ohun tó ń ná lọ.