Sánpépà Ọ̀bẹ Di Ti Gìgísẹ̀

Iṣẹ́ ọ̀bẹ ni mò ń ṣe lẹ́yìnkùlé wa ní Àkúrẹ́. Iná ò yọ mí lẹ́nu, òòlù ò yọ mí lẹ́nu. Irin gan-an ò wọ́n mi, nítorí sípíríìnì abẹ́ ọkọ̀ àjàgbé tó ti kán kún ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Sánpépà tí mo fi ń ha ọ̀bẹ kó lè dán ló jẹ́ kí ojú mi rí màbo.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìpínlẹ̀ pákó la wà. Níbi tí káfíńtà pọ̀ tó báyìí, báwo ni sánpépà ṣe máa wọ́n? Kò wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ti igi ni. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ọba Adésidà, mo ní kí màmá tó ń tajà níbẹ̀ bá mi mú nọ́ńbà 400. Wọ́n fa 80 yọ, gbogbo ara ẹ̀ rí págunpàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, 400 ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi."

"Hàáà! Kí lo fẹ́ fi èyí tó le tó yẹn ha? 80 yìí ń họ èèyàn lọ́wọ́, o wá ń wá 400!"

Mo ṣàlàyé pé bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni pépà ń kúnná sí i. Màmá wo pépà, wọ́n wo ojú mi. "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

Ìgbà tó yá, wọ́n rí 400 kan nísàlẹ̀ páálí, aláwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n fi Ọlọ́run búra pé omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tí mo rẹ ẹ́ sómi nílé, gbogbo yanrìn ara ẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀ abọ́, ó ku bébà lásán lọ́wọ́ mi.

Ọmọkùnrin kan tó ń kun ọ̀dà sára mọ́tò ló yọ mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà mọ́tò ni kẹ́ ẹ lọ." Òótọ́ ló sọ. Ibẹ̀ ni pépà dúdú wà, èyí tí wọ́n ń fi omi lò, láti 220 títí dé 2000. Mo ká a, kò sán. Mo fi èékánná họ ọ́, kò sí hóró tó já bọ́. Owó ẹ̀ ju ti káfíńtà lọ, àmọ́ ìgbà tí ti káfíńtà bá fi máa jó rẹ̀yìn lórí irin, èyí ṣì ń jẹun lọ ni.

Ìdí tí mo fi ń ṣe fínnífínní ni pé iṣẹ́ ọwọ́ yìí ò gba jákujàku. Màá wé pépà mọ́ pákó pẹlẹbẹ, màá kán epo díẹ̀ sí i. 220 á lọ lóòró, 400 á lọ níbùú, kí n lè rí i bóyá ìlà ti 220 ti tán pátápátá kí n tó mú 600. Ẹyọ hóró líle kan péré tó bá yà wọ àárín èyí tó kúnná, ìlà gbọọrọ tó máa fà sára ọ̀bẹ, kéèyàn tún padà sí 220 ni.

Ìyá ìyàwó kan ní Oǹdó ti ní kí n bá àwọn ṣe ọ̀bẹ tí wọ́n máa kó mọ́ ẹrù ọmọ wọn. Ọjọ́ ìgbéyàwó ti sún mọ́lé. Mo gé pépà mi sí wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, mo lọ sùn.

Láàárọ̀, Màmá mi jáde láti balùwẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé àga, inú wọn ń dùn.

"Wá wo gìgísẹ̀ mi! Òkúta tí mo ti ń fi ha á láti ọjọ́ yìí, mo ti jù ú nù."

Mo sáré wo abọ́. Awọ ẹsẹ̀ funfun báláú ló léfòó lójú omi.

"Mo kọ́kọ́ fi èyí tó le díẹ̀ ha á," ni Màmá wí, "kí n tó wá fi èyí tó kúnná gbẹ̀yìn. Wò ó bó ṣe ń dán!"

Ẹni tí kò rọ ọ̀bẹ rí láyé ẹ̀! Oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta pépà ò mọ èyí.

"Màmá, àwọn yòókù ńkọ́?"

"Mo ti pín in fún ìyá ilé kejì àti àbúrò wọn. Wọ́n ní kí n bi ẹ́ pé níbo lo ti rà á."

Bí mo ṣe jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ràn, mo sọ ibẹ̀ fún wọn. Nígbà tí èmi fúnra mi máa fi débẹ̀ lọ́sàn-án, 400 ti tán. Mo ní kí wọ́n fún mi ní 320 àti 500, màá fi wọ́n rọ́gbọ́n sí i. Ọmọ tó ń tajà ń ká pépà náà lọ, ó wo bàtà mi títí.

"Ẹ̀gbọ́n, àbí ti ẹsẹ̀ lẹ̀yin náà fẹ́ fi ṣe?"