Ọdún tí Ìyá Pòrógun lọ

Lọ́dọọdún ni mo máa ń to ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan síbí fún yín. Ti ọdún yìí kò ṣeé tò. Láti January títí dé June, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń máàkì nìkan ni mo rántí. Ikú ló kó èyí tó kù.

Kábíyèsí Ọba Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2025, ọjọ́ kan náà tí Buhari kú. Ìyá Pòrógun, ẹ̀gbọ́n òbí mi, ní òun fi ọdún kan ju Kábíyèsí lọ, kò yẹ kí àbúrò ṣáájú òun dé ọ̀run lọ máa ṣe ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Oṣù Kẹjọ lòun náà tẹ̀lé e.

Mùsùlùmí ni, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin ín. Aṣọ funfun, kò sí ẹrù kankan. Iṣẹ́ tí mo sì ń jẹun ni pé kí n wo ẹrù inú ibojì àwọn ará àtijọ́, kí n sọ irú ẹni tó sùn síbẹ̀. Ẹni tó bá wá wa ilẹ̀ Pòrógun ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, ẹ bá mi kí i pẹ̀lẹ́.

Inú àpótí ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ la ṣí i. Dáódù gbé bíírò lọ́wọ́ bí akọ̀wé kóòtù, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀: fìlà abetí-ajá tó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, àdá kan, ìwé èsúsú tí orúkọ àwọn ọkùnrin tó jẹ ẹ́ lówó kún inú rẹ̀ (ẹ fọkàn balẹ̀, n kò ní dárúkọ), ọpọ́n ayò, ọmọ ayò 48, ó pé géérégé. Nísàlẹ̀ pátápátá ni pákó gígùn kan wà, ẹnu rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán.

Dáódù gbé e sókè. Ó ní, "Idà rèé!"

Mo ní, "Bọ̀dá mi, pákó tí Màmá fi ń ta òwú mọ́ra lórí òfì ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Ẹ̀rín ló fa omi yẹn o, ẹ má pè mí.

Ìtàn yẹn kò ṣàjèjì sí mi ni. Ní Birka, ní Sweden, Hjalmar Stolpe wú ibojì kan ní 1878: idà, àáké, ọfà, ẹṣin méjì, àti ọmọ ayò ìlú wọn. Wọ́n ní jagunjagun ọkùnrin ni. Ó di 2017 kí àyẹ̀wò DNA tó fi hàn pé obìnrin ni, àwọn kan sì yára bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé bóyá ẹrù yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó jẹ́ ọkùnrin, ta ló bèèrè ẹni tó ni idà? Ní Valencina, ní Spain, wọ́n hú ẹnì kan jáde ní 2008 pẹ̀lú eyín erin, wọ́n pè é ní ọkùnrin pàtàkì, àfi nígbà tí wọ́n yẹ eyín ẹnu rẹ̀ wò tí ìròyìn sì jáde ní 2023 pé obìnrin ni. Ká ní a sin Ìyá Pòrógun pẹ̀lú àpótí rẹ̀ ni, baálé ilé ni wọn ìbá pè é. Inú rẹ̀ ìbá dùn.

Àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde ló ń hun aṣọ olónà tí àwọn olóyè Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ń fi lé èjìká, lórí òfì tó dúró sára ògiri. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni tàwọn ọkùnrin, òfì tiwọn sì yàtọ̀. Ìyá ń kírun márùn-ún lójúmọ́, Òṣùgbó ni oníbàárà rẹ̀. Ó ní owó kì í kírun.

Kò bímọ. Bílíkísù Sùngbọ́ náà kò bí. Ìtàn ní opó olówó ni, òun ló ní kí wọ́n wa Erédò, yàrà àti odi yẹn, kí orúkọ òun má bàa parun: nǹkan bí kìlómítà 160 yípo, ibòmíràn ga tó mítà 20. Wọn kì í sì í jẹ́ kí obìnrin wọ ibojì rẹ̀ ní Òkè-Erì. Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ní oṣù Kọkànlá. Àwọn ọkùnrin wọlé. Èmi, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa àwọn obìnrin ayé àtijọ́, dúró síta pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin. Ọmọkùnrin tó máa ń sùn ní kíláàsì mi ló wá ń ṣàlàyé ibojì fún mi.

Mo ní kò bímọ. Nínú ìwé ìsìnkú, "àwọn ọmọ àbúrò" ni wọ́n kọ mí mọ́. Èmi tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti... ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Owó oṣù kò tó. Ìwé mi kò tíì jáde, ẹ má bèèrè. Orúnkún ń dùn mí, àmọ́ mo wà láàyè, mo dúpẹ́, ọkọ mi sì gbà kí òfì wọ pálọ̀ wa lẹ́yìn tí Dáódù ní òun fẹ́ fi àyè rẹ̀ páàkì mọ́tò.

Mo lè hun díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ta òwú sórí òfì látìbẹ̀rẹ̀ ni n kò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ ìyá kan ní Mọ́lípà tàbí Ìtòrò tó ṣì ń hun, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ mi lọ́dún tó ń bọ̀. Màá sanwó. Ẹ ṣáà má sọ fún un pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí, kó má baà bu iye tí apá mi kò ká.